Òòfà Tí Mò Ń Ṣe ní Ifẹ̀ Kì í Ṣe Òòfà Ìfẹ́

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà tí ẹ kì í jẹ́ kó sinmi lórí wa. Mo kúnlẹ̀ lórí ẹní tí ẹ dì fún mi lọ́jọ́ tí mo kúrò ní Ṣakí, mo kí yín bí ó ṣe yẹ kí ọmọ kí ìyá rẹ̀. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, tí wọ́n di bàbá fún wa láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, kí Ọlọ́run ṣàánú wọn níbi tí wọ́n wà. Mo kí Sìdí, àbúrò mi, ìyàwó ọ̀la. Mo mọ̀ pé òun ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Sìdí, rọra kà á, má fo ibi kankan, má sì tíì rẹ́rìn-ín títí tí wàá fi dé ibi tí ẹ̀rín wà.

Ẹ ó bi mí pé èwo ni ti lẹ́tà inú ìwé ìròyìn nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́. Ìta gbangba ni ọ̀rọ̀ wa ti bà jẹ́, ìta gbangba náà ni mo fẹ́ ti tún un ṣe. Nígbà tí ẹ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní Àlùfáà, bàbá Kàmọ́rù tó fẹ́ fẹ́ Sìdí, ti ní kí a dá mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ dúró ná. Ẹ ní wọ́n gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó ń ṣe òòfà ìfẹ́ tà ní Ilé-Ifẹ̀, pé àwọn kò lè so yìgì ọmọ àwọn mọ́ ilé tí wọ́n ti ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ tún ní bóyá kí n má wulẹ̀ wá sílé lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ náà, kí ọ̀rọ̀ lè rọlẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́, mo sì pa fóònù. Màámi, ó dùn mí. Ó dùn mí débi pé n kò lè jẹun lọ́jọ́ náà, n kò sì ní fi í pamọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ara mi fún yín. Ara mi le. Òjò Ifẹ̀ ni kò bá tiwa mu. Ní Ṣakí, òjò á rọ̀, á dá, oòrùn á yọ, aṣọ á gbẹ. Níbí, òjò á rọ̀ títí, ìkùukùu á tún dúró bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ, aṣọ tí mo fọ̀ á sì máa rùn lórí okùn. Ìgbà tí ọyẹ́ bá dé nìkan ni ara mi máa ń rò pé ilé ni òun wà, nítorí pé ètè mi á bẹ́. Òrí tí ẹ fi ránṣẹ́ ni mo fi ń pa á. Mo bù ú sínú ìgò kékeré kan tó máa ń wà nínú báàgì mi níbikíbi tí mo bá ń lọ. Ẹ fi ìgò yẹn sọ́kàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ìyá Onílé mi, ọmọ bíbí Ifẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ní ìsọ̀ aṣọ òkìrìkà kan tí kò jìnnà sí Ẹnuwá. Tí àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn bá ń sọ Ifẹ̀ láàárín ara wọn, mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, kí méjì fò mí kọjá. Wọ́n dára sí mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé, ẹnikẹ́ni kò tíì pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Mọ́ríámọ̀ ni mò ń jẹ́ ní Yunifásítì, Àǹtí Físíìsì ni mò ń jẹ́ ní àdúgbò. Nígbà míì, tí mo bá ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo máa ń pe ara mi ní Àbẹ̀kẹ́ kí etí mi má baà gbàgbé. Owó tí wọ́n ń fún àwa tí a ń ṣe ìwádìí kì í tètè dé, ṣùgbọ́n ó ń tó mi jẹun. Ẹ má dààmú nípa ìyẹn.

Iṣẹ́ mi wá nìyí, Màámi. N kò tíì là á yé yín dáadáa rí, torí náà ni ẹ kò ṣe rí èsì fún àwọn tó bi yín. Gbogbo ohun tí a rí láyé, títí kan igbá òrí yín, àwọn nǹkan tíntìntín tí ojú kò lè rí ni Ọlọ́run fi mọ ọ́n. Àwọn nǹkan wọ̀nyí máa ń pàdé, wọ́n á kọlu ara wọn, wọ́n á sì tú ká gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Tiwa ni láti ṣírò bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé kí wọ́n tú ká gba apá ibí tàbí apá ọ̀hún. A kì í gún nǹkan kan, a kì í sun nǹkan kan. Bírò, bébà àti kọ̀ǹpútà ni.

Agbára méjì ni mò ń bá fà á. Èkíní ni agbára tó di inú átọ́ọ̀mù mú kó má baà fọ́n ká. Èkejì ni òòfà ilẹ̀, èyí tó ń fa èso igi òrí wá sílẹ̀ tí ẹ fi ń rí i ṣà. Ìṣirò ti èkíní le, ṣùgbọ́n ènìyàn lè ṣe é kó sì tún jẹun ọ̀sán. Ti òòfà ilẹ̀ ni ó ń dá ènìyàn lágara. Bébà á tán, ìṣirò kò tíì dé ìdajì. Láyé àtijọ́, àwọn onímọ̀ rò pé agbára méjèèjì kò bára tan rárá. Ó wá hàn pé ìbátan ni wọ́n, ìbátan tó sún mọ́ra gan-an.

Bí ìbátan náà ṣe rí nìyí. Nínú ìṣirò agbára èkíní, apá kan wà tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń rìn, apá kan sì wà tó jẹ́ ohun ìdánimọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní àwọ̀. Kì í ṣe àwọ̀ tí ojú ń rí, bíi pupa àti dúdú. Wọ́n kàn wá orúkọ fún un ni. Àwọ̀ yìí ní òfin tó ń tẹ̀ lé. Tí o bá to apá ìrìn náà dáadáa tí òun náà fi ń tẹ̀ lé òfin kan náà, o lè yọ àwọ̀ kúrò pátápátá, kí o fi ẹ̀dà apá ìrìn sí àyè rẹ̀. Ìrìn á wá di ìlọ́po ara rẹ̀. Ohun tó máa jáde níbẹ̀ ni ìṣirò òòfà ilẹ̀, èyí tí à bá fi gbogbo bébà ayé wá. Àwọn tó ń wádìí ìràwọ̀ ńláńlá tó ti kú, tó ń kọlu ara wọn lókè réré, ń lo irú ìṣirò yìí láti fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tí ó jáde lórí bébà mi, mo dìde kúrò lórí àga, inú mi dùn bí ìgbà tí Sìdí rìn níjọ́ àkọ́kọ́. Mo wá ẹni tí mo máa sọ fún. Ìyá Onílé nìkan ló wà nílé, wọ́n sì ní Ọlọ́run á tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí wàhálà ti wọlé ni ti rédíò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan níbí, ọmọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, ń ṣe ètò kan tí ó ti ń ní kí àwọn onímọ̀ wá fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ wọn, láìfi gẹ̀ẹ́sì là á. Ó pè mí. Inú mi dùn, nítorí mo rò ó pé bóyá ẹ ó gbọ́. Mo sọ̀rọ̀ títí, mo wá kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú gbólóhùn kan: a máa yọ àwọ̀ rẹ̀ kúrò, a máa ṣe é ní ìlọ́po méjì, òòfà á jáde. Mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀ o. Ìlọ́po ara rẹ̀ ló yẹ kí n wí, kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ìlọ́po méjì ẹẹ́ta, ẹẹ́fà ni. Ẹẹ́ta ní ìlọ́po ara rẹ̀, ẹẹ́sàn-án ni. Ṣùgbọ́n èjì ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn olùgbọ́, èjì sì rèé, èyí tí o bá ṣe nínú méjèèjì, ẹẹ́rin náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni àpẹẹrẹ ṣe bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, tí èmi àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò fura. Ọ̀gá mi tó ń bójú tó ìwádìí mi ló kọ́kọ́ fà á yọ lọ́jọ́ kejì.

Ìyẹn ì bá kéré. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fẹ́ polongo ètò rẹ̀, ó mú fọ́tò mi, ó kọ gbólóhùn mi sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà, láìsí àmì kan ṣoṣo lórí tàbí lábẹ́ rẹ̀, ó sì fi í sórí Wásáàpù. Ohun tó kọ nìyí:

DOKITA OOFA IFE: A MAA YO AWO RE KURO, A MAA SE E NI ILOPO MEJI, OOFA A JADE.

Sìdí, ibi tí ẹ̀rín wà rèé. Ifẹ̀ di ìfẹ́. Àwọ̀ di awọ. Ṣe di sè. Ẹni tó ń ṣírò òòfà ní ìlú Ifẹ̀ di dókítà òòfà ìfẹ́, tó ń bó awọ ẹran, tó ń sè é ní ìlọ́po méjì. Ẹran wo? Wọn kò sọ, kálukú tó kà á fi ẹran tirẹ̀ sí i. Dókítà tí wọ́n pè mí pàápàá, n kò tíì dà á. Àbùkù tó wá kún un ni ti fọ́tò náà: ọyẹ́ ti bẹ́ mi létè lọ́jọ́ yẹn, ìgò òrí yín sì wà lọ́wọ́ mi gbangba. Òrí yín ni gbogbo ayé ń wò tí wọ́n ń pè ní òòfà, Màámi. Ká ní ohùn mi wà níbẹ̀ ni, etí ì bá ti gbà mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í sọ̀rọ̀.

N kò tètè mọ̀. Ọ̀dọ̀ obìnrin tí mo máa ń ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Sábó ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi Yorùbá tí Haúsá lẹ́ mọ́ ọn bi mí pé èló ni ti èyí tó máa ń pe oníbàárà, pé ti ọkùnrin kò jẹ òun lógún. Ní Ẹnuwá, iwájú ààfin gan-an, ọkùnrin kan dá mi dúró, ó ní ìyàwó òun ti kó padà sílé àwọn òbí rẹ̀, kí n ṣàánú òun. Mo ní kó lọ bẹ ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun ti gbìyànjú gbogbo nǹkan míì. Mo bi í bóyá ó ti gbìyànjú ẹ̀bẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kí n tó débi tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wà, ó ti gbọ́, ó ti yọ ọ́ kúrò, ó sì ń bẹ̀ mí bí ẹni tó jí adìyẹ. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó ti dé Ṣakí kó tó yọ ọ́.

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi bọ́ gíláàsì ojú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi mí pé ṣé mo rántí ìgbà tí ìṣirò mi kọ̀ tí kò bára mu, tí mo fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ wá ibi tí mo ti ṣì í, tó fi wá já sí àmì ìyọkúrò kan ṣoṣo tí mo gbàgbé. Mo ní mo rántí. Wọ́n ní àmì náà nìyẹn. Mo padà sílé, mo ń rò ó. Èmi tí mo lè wá àmì kan títí ojú mi á fi pọ́n, tí mo bá ń kọ Yorùbá sí yín lórí fóònù, n kì í fi kankan sí i. Ẹ̀yin náà kì í fi sí i. A gbà pé àwọn tó mọ̀ wá á mọ ohun tí a ń wí. Àwọn tó mọ̀ wá nìkan kọ́ ló ń kà á mọ́.

Ohun kan tún wà nínú iṣẹ́ náà tó jọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí. Tó bá jẹ́ pé nǹkan mẹ́ta péré ló pàdé, ìlọ́po ara rẹ̀ tí mo wí yẹn tó, kò sí wàhálà. Tí wọ́n bá ti di mẹ́rin, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ̀dà méjèèjì kò ní tò bákan náà mọ́, ètò ọ̀kan á yàtọ̀ sí ti èkejì, tí o bá sì kàn dì wọ́n pọ̀, irọ́ ni ìdáhùn tí wàá rí. Ohun kan gbọ́dọ̀ dúró láàárín wọn kí wọ́n tó lè di òòfà. Àwọn òyìnbó ní orúkọ gígùn fún un. Nínú ìwé mi, alárinà ni mò ń pè é. Ẹbí méjì ni àwa àti àwọn àna wa, a jọ ń kírun, a jọ ń sọ èdè kan, ètò wa ni kò bára mu lórí ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́tà yìí ni mo fi ṣe alárinà, nítorí n kò rí ẹlòmíì tó mọ̀dí ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, mo bẹ Bàbá Kékeré. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí wọ́n bá mi mú ìwé ìròyìn yìí lọ bá Àlùfáà, kí Àlùfáà lè fojú ara wọn kà á. Mo kúnlẹ̀ fún Àlùfáà láti ibí. Kí wọ́n mọ̀ pé mo ṣì ń kírun, Sábó ni mo ti ń kí Jímọ̀, n kò fi ohunkóhun ṣe orogún Ọlọ́run. Àwọn ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé àdúgbò wa ní kéwú. Wọ́n mọ àwọn àmì wẹ́wẹ́ tó wà lórí àti lábẹ́ lẹ́tà Lárúbáwá jù mí lọ, wọ́n sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ọmọ kéwú bá gbé àmì òkè sí ìsàlẹ̀. Wọn kì í lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò nílé kéwú. Wọ́n á ní kó tún un kà. Ohun tí mò ń bẹ̀ wọ́n fún kò ju ìyẹn lọ: kí wọ́n tún mi kà.

Màámi, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Mo mọ̀ pé ojú Sìdí lẹ̀ ń wò. N kò bínú sí yín, ṣùgbọ́n mo ń bọ̀ wálé fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ náà, ọjọ́ yòówù kí wọ́n mú. Tí Àlùfáà bá ka èyí tán, tí wọ́n tún ní àwọn kò fẹ́ rí mi, mo máa jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, n kò ní yọjú síta, nítorí ayọ̀ àbúrò mi. Yàrá ẹ̀yìn tiyín ni yóò jẹ́. Mo máa máa gbọ́ ohùn yín láti ibẹ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹlòmíì lè ní kí n má wá, kó má jẹ́ ẹnu yín ni màá ti gbọ́ ọ.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, lọ́mọdé lágbà. Ẹ kí àwọn obìnrin tí ẹ jọ ń po òrí, ẹ ní iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti di olókìkí ní Ifẹ̀, kì í kàn ṣe ọ̀nà tí wọ́n rò ni. Ẹ kí Kàmọ́rù, ẹ ní kó mú sùúrù. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, á jẹ́ kí yìgì Sìdí so kó má tú, á dá ẹ̀mí gbogbo wa sí kí á lè fojú kanra.

Tí wọ́n bá tún wá bi yín pé kí ni àkọ́bí yín ń wá ní Ifẹ̀, ẹ ní ó ń ṣírò ìdí tí ohun tí a jù sókè fi ń padà sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn, kí Sìdí bá yín kọ ọ́ báyìí: O N PADA SILE. Ẹ̀ẹ̀kan yìí, kó má fi àmì sí i. Ẹni tó bá kà á ní sílẹ̀, iṣẹ́ mi ló kà. Ẹni tó bá kà á ní sílé, èmi náà ló kà.

Èmi ni, ọmọ yín,
Mọ́ríámọ̀ Àbẹ̀kẹ́,
Ilé-Ifẹ̀.